Ìrántí Ìjà Ẹ̀tọ́ Obìnrin: Kí ni Ó Yẹ kí A Máa Rántí Nípa Abẹ́òkúta?

Ìfáárà

Ní ọdún 1975 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àjọ̀dún ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Àwọn Obìnrin. Bí ọjọ́ náà bá pé ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ tí a sábà máa ń gbọ́ ni ti Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ó kú ní 1978. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé wọ́n ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú ìrántí báyìí ń bo ohun tí ó ṣe kókó mọ́lẹ̀, èyí ni bí àwọn ọlọ́jà àti àwọn obìnrin tí ó kàwé ṣe di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Ohun tí ó fa ìjà náà

Ní 1918 ni owó orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kò sì yọ obìnrin sílẹ̀. Wọ́n ń san tiwọn lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ wọn. Ọmọbìnrin tí ó bá ti pé ọdún 15 sì ti di ẹni tí ń san án. Síbẹ̀, kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé Ẹ̀gbá kò mọ obìnrin sí ọ̀ràn ìlú: ní 1864 ni Ẹfúnróyè Tinúbú ti jẹ Ìyálóde. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó kó gbogbo àṣẹ lé ọwọ́ Aláké nìkan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà jà

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó kàwé ni Ransome-Kuti kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà ni ẹ̀dùn ọkàn àwọn wọ̀nyí tó yé wọn. Ní 1946 wọ́n yí orúkọ padà sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo obìnrin. Ìró àti bùbá ni aṣáájú wọn wá ń wọ̀ káàkiri. Èdè Yorùbá ni ó sì fi ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Wọ́n gba oníṣirò láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ìgbà tí ẹ̀bẹ̀ kò tu irun kan ni wọ́n tó wọ́ lọ sí ààfin ní òpin 1947. Nígbà tí wọn kò fún wọn ní àṣẹ ìwọ́de, wọ́n ní àríyá ni àwọn ń ṣe.

Àbáyọrí rẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi orí oyè sílẹ̀. A mú owó orí náà kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin, mẹ́rin nínú wọn sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n ní òpin 1950, ọba náà padà sí orí oyè. Èyí fi hàn pé ẹ̀tọ́ tí a jà gbà ń fẹ́ àmójútó.

Àgbálọgbábọ̀

A kò sọ pé aṣáájú kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ìrántí wa bá dúró lórí akọni kan, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò máa retí akọni mìíràn ni. Bí ó bá dúró lórí ẹgbẹ́, wọn yóò rí ohun tí àwọn náà lè ṣe. Obìnrin tí ń san owó ọjà ní Òfosù ní ilẹ̀ Ìdànrè lè má bìkítà nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ wa ọkọ̀. Ìbéèrè àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, ní tirẹ̀, yóò yé e láìsí ògbufọ̀: ta ni ó bu owó yìí lé wa, kí ni a sì ń fi í ṣe?