Òní Ni Ìbẹ̀rẹ̀ Òǹkà



Nígbà tí mo ń kọ́ Ifá, olúwo mi ní kí n lọ sílé, kí n padà wá ní ọrún kí a jọ rú ẹbọ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo fi dé, ẹbọ ti rú ní ọjọ́ tó ṣáájú. Baba wò mí, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé òní kì í ṣe ọjọ́?"

Àwọn baba wa a máa ka ọjọ́ tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ mọ́ òǹkà. Ọjọ́ 4 ni ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀; síbẹ̀, ọrún, ìyẹn ọjọ́ 5, ni a ń pe ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 16 ni ìtàdógún fi ń yí po. Síbẹ̀, 17 ni orúkọ rẹ̀ ń wí. Ìjẹta ńkọ́? Bí a kò bá ka òní, kò lè pé mẹ́ta.

Lóde òní, a ó wà nínú dánfó ní Okokomaiko, ọkàn wa yóò ti dé Mile 2. Ifá yóò yan ẹbọ, a ó ní ó di ọ̀la.

Ifá kò ní kí a má ro ọ̀la. Ṣùgbọ́n òní ni a ti ń rú ẹbọ ọ̀la. Ẹ má ṣe fo òní nínú òǹkà yín.