Àwókù Orí Òkè Ìdànrè: Ẹlẹ́rìí Tí A Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ Kí Ó Kú

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Orílẹ̀-èdè wa kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti lé ní 60 ọdún tí a ti gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, ó sì tọ́ kí a máa wo ẹ̀yìn wò, kí a lè mọ ohun tí ó gbé wa ṣubú àti ohun tí ó gbé wa dìde. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa sọ̀rọ̀ lónìí nípa àwọn ilé àwókù tí ń bẹ lórí Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí kò tó 20 máìlì sí Àkúrẹ́. Òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, ikán ń jẹ wọ́n. Bí a kò bá sì tètè ké, ohun tí yóò ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ wa kò ní ju ebè amọ̀ lásán lọ.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó mọ orúkọ òkè náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwé ewì kan tí ó jáde ní 1967. Àpáta ńláńlá ni, tí àfonífojì là wọ́n láàrin, tí gíga wọn sì tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí ìtẹ́jú òkun. Ìtàn àwọn ará Ìdànrè sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá, tí wọ́n sì tẹ ìlú dó sórí àpáta náà. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó mú wọn gun òkè. Nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, ẹni tí ó wà lórí àpáta a máa rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i. Òkúta nìkan ti tó odi fún wọn.

Ṣùgbọ́n ayé yí padà. Ní 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà tí ó pàrí ogun Kírìjí, ní 1893 ni Gómìnà Carter sì ti Èkó wá sí òkè ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn ọmọ ogun fi tú ká ní ibùdó wọn. Láti ìgbà náà lọ ni ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń tàn ká gbogbo ilẹ̀ wa. Ọwọ́ náà gun Òkè Ìdànrè pẹ̀lú, àpá rẹ̀ ni àwọn àwókù tí à ń wí yìí.

Ẹ jẹ́ kí a jọ gun òkè náà. Lóde òní, àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì tí ó lé ní 600 ni ẹni tí ń lọ yóò gùn, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tí ó bá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le pàápàá yóò mí hẹlẹ kí ó tó dé òkè. Ó yẹ kí ẹni tí ń mí hẹlẹ náà rántí pé àwọn baba wa kò rí irin kankan dì mú. Àpáta ni wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, tòun ti ẹrù iṣu àti ìkòkò omi lórí. Nígbà tí àwọn òyìnbó sì dé, kò sí ọkọ̀ tí ó lè gun ibẹ̀. Gbogbo páànù, gbogbo ìṣó, gbogbo ìwé tí kóòtù àti ilé-ẹ̀kọ́ ń lò, orí ènìyàn ni ó gbé wọn gòkè. A kò kọ orúkọ àwọn tí ó rù wọ́n sí ibì kankan. Àwókù náà nìkan ni ìwé tí ó kù tí iṣẹ́ wọn wà nínú rẹ̀.

Bí a bá dé òkè, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò. Èkíní ni ààfin Ọwá. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó ní àgbàlá, ó sì ní òpó igi tí àwọn oníṣọ̀nà gbẹ́. Tiwa ni èyí pátápátá. Ó ti wà ṣáájú àlejò. Èkejì ni kóòtù àtijọ́, pẹ̀lú ilé agogo tí ó wà lórí òkè náà. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà, èyí tí a mọ ọdún 1896 mọ́.

Ẹ wo bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí kóòtù tó dé, ààfin ni ẹjọ́ ń parí sí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin kóòtù ìbílẹ̀ kalẹ̀ ní 1914, àwọn ọba àti ìjòyè wa náà ni wọ́n ṣì ń jókòó dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní agbára láti yẹ ẹjọ́ náà wò, kí ó sì yí i padà. Ọba wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lóye bí wọ́n ti ń fi ọba wa jọba lé wa lórí, kí ó mú un dúró láàrin ààfin àti kóòtù yìí, kí ó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Ohun tí ìwé fi orí mẹ́ta ṣàlàyé, ojú yóò rí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ọ̀tọ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn oníwàásù ni ó mú ìwé wá, ṣùgbọ́n àwọn òbí wa ni ó yọ̀ǹda ọmọ wọn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, tí inú gbogbo wa dùn, ọdún 59 ti kọjá tí a ti ń ka álífábẹ́ẹ̀tì lórí àpáta Ìdànrè. Ẹ̀yin olùkọ́, ilé yín àtijọ́ ni èyí. Ṣé ẹ ó máa wò ó títí tí koríko yóò fi bò ó tán?

Nínú àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1920 ni àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí Òde-Ìdànrè àti Aládé wà lónìí. Ogun ti tán, ọ̀nà ọkọ̀ wà ní ìsàlẹ̀, oko kòkó sì wà ní ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ilé tí ènìyàn bá fi sílẹ̀ kì í pẹ́ di àwókù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1925 ì bá ti lé ní 100 ọdún lónìí. Ìran tí ó gbé orí òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ẹnu bá ti dákẹ́, tí ògiri náà bá tún wó, ta ni a ó bi léèrè?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò takò wá. Wọn yóò ní, "Kóòtù àwọn tí ó jẹ gàba lé wa lórí ni ẹ fẹ́ tún ṣe? Ẹ jẹ́ kí ó wó!" A kò fi ojú tín-ín-rín wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí inú tí ó bí ẹni tí ń sọ ọ́ bí àwa náà. Ṣùgbọ́n a fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan: bí ènìyàn bá pe aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́, ṣé ẹlẹ́rìí ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lé jáde ní kóòtù? Àwókù náà kì í ṣe ère ìyìn fún òyìnbó. Ẹ̀rí ni. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ẹ̀rí pòórá ni ó ń ran ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn yóò sì ní owó àwọn arìnrìn-àjò nìkan ni ó ṣe pàtàkì. Owó dára, a kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ gbogbo àtẹ̀gùn ayé yìí tí ohun tí ó wà lókè wó tán, kí ni àlejò yóò wá wò?

Kò nira láti mọ ohun tí ń ba ilé amọ̀ jẹ́. Orí ni ó ti ń kú. Bí páànù bá dípẹtà tí ó jò, omi yóò wọ ògiri láti òkè. Bí kò bá sì sí ojú àgbàrá, omi yóò jẹ ìdí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sìmẹ́ǹtì ni oògùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí. Ó ń há omi mọ́ inú ògiri, títí inú rẹ̀ yóò fi di ẹrẹ̀ nígbà tí òde rẹ̀ ṣì ń dán. Amọ̀ ni a fi ń tún amọ̀ ṣe, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ tán láàrin wa.

Òfin náà kò ṣàìsí. Láti 1953 ni orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì tún ṣe òmíràn ní 1979. Àjọ UNESCO gba Sukur, tí ó wà lórí òkè bíi ti Ìdànrè, sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1999. Ó gba igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ní 2005. Ní October 2007 ni a kọ orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn tí ń dúró de irú oyè bẹ́ẹ̀, a sì dárúkọ ààfin, kóòtù àti ilé agogo nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dúró de oyè kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilé rẹ̀ wó kí ìwúyè tó dé.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè fún kò pọ̀. Kí a kan òrùlé, kí a la ojú àgbàrá, kí a sì fi amọ̀ tún ògiri ṣe. Kí a fi apá kan nínú owó tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń gun òkè ṣe ìtọ́jú ilé wọ̀nyí, kí a sì fi ìṣirò rẹ̀ hàn fún àwọn ará Ìdànrè tí wọ́n ni òkè. Kí a kọ ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ gòkè. Ẹ rán wọn sí àwọn àgbà ní ìsàlẹ̀ láti gba ìtàn tí òbí wọn sọ fún wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí ẹni tí ń tọrọ ìbò bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe sí òrùlé ààfin Ọwá àti ògiri kóòtù àtijọ́, kí ẹ sì rántí ìdáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò.

Àpáta Ìdànrè kò ní kúrò níbi tí ó wà. Kò bẹ̀ wá pé kí a gba òun là. Ògiri amọ̀ tí àwọn baba wa gbé lé e lórí ni ó ń bẹ̀ wá, òjò ọdún tí ń bọ̀ kò sì ní dúró dè wá.