Ilẹ̀ Tó Yí Ilé Ká Ni Kí Ẹ Mójú Tó Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996 tí Adó-Èkìtì ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ilé kò yéé tẹ̀ síwájú lọ́nà Ìwòróko, Àfáò, Ìjàn àti Ìkẹ́rẹ́, wọnú ilẹ̀ tó jẹ́ oko àti igbó ọdẹ tẹ́lẹ̀. Igbó ti di aládùúgbò ọ̀pọ̀ ìdílé. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti apá aṣálẹ̀ Sàhárà, igbó yẹn á gbẹ títí di nǹkan bí oṣù Kẹta. Àgbẹ̀ á sun oko, ọdẹ á fi iná lé òyà jáde, ẹlòmíràn á ju sìgá sẹ́bàá títì. Iná ńlá tó ń bọ̀ lókèèrè ló máa ń bà wá lẹ́rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí iná ti tóbi tó ló ń sọ bóyá ilé á jó. Ohun tó wà nílẹ̀ yí ilé náà ká ló ń sọ ọ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Jack Cohen, tó ṣèwádìí iná fún àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó igbó, gbé ògiri pákó kalẹ̀ ní àríwá Kánádà, níwájú igbó tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sun. Èyí tó wà ní mítà 10 sí iná gbiná nígbà mìíràn. Èyí tó wà ní mítà 20 kò gbiná, bẹ́ẹ̀ iná tó ń jó lórí igi gíga ni. Ooru iná igbó kì í rìn jìnnà. Ìpẹpẹ́ iná tí atẹ́gùn ń gbé ló ń rìn jìnnà. Nígbà tí iná run ìlú Paradise ní California lóṣù Kọkànlá ọdún 2018, tí èèyàn 85 kú, ọ̀pọ̀ ilé ló di eérú tí igi ẹ̀gbẹ́ wọn ṣì tutù. Ìpẹpẹ́ ló bọ́ sórí ohun gbígbẹ tó wà lára ilé tàbí lẹ́bàá rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní búlọ́ọ̀kù àti páànù ni tiwa, pé ilé pákó ni ti òyìnbó. Òótọ́ ni pé búlọ́ọ̀kù kì í jó. Ṣùgbọ́n igi ló gbé páànù dúró, àlàfo sì sábà máa ń wà láàárín páànù àti orí ògiri, tí ìpẹpẹ́ lè gbà dé orí sílìn. Ẹ wá wo ẹ̀yìnkùlé wa: igi ìdáná tí a tò ti ògiri, pákó tó ṣẹ́kù nígbà tí a kọ́lé, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ewé máńgòrò gbígbẹ lórí páànù. Búlọ́ọ̀kù kò lè gba ilé tó kó gbogbo èyí mọ́ra.

Iṣẹ́ tó ṣe kókó jù, nígbà náà, ni kí ilẹ̀ tó yí ilé ká mọ́, ó kéré tán dé mítà 10, kí igi ìdáná àti epo sì jìnnà sí ògiri. Àkókò rẹ̀ ni oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, nígbà tí koríko ṣì tutù tí ó ṣeé ṣán, tí ó sì ṣeé kó dànù. Ewé Akíntọ́lá tó máa ń gba ilẹ̀ tí a pa tì ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, torí bí ó bá gbẹ, ìtì rẹ̀ a máa jó fòfò. Ẹni tó dúró di oṣù Kejìlá tó wá ṣáná sí i kí iṣẹ́ lè yá ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa iná wọlé. Àwọn tó kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ òkè, bí wọ́n ti pọ̀ ní Adó, gbọ́dọ̀ ro ìsàlẹ̀ ilé jìnnà ju òkè rẹ̀ lọ: iná máa ń yára gun òkè, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yan koríko iwájú kó tó dé ibẹ̀. Ní ti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé tí onílẹ̀ rẹ̀ wà l'Ékòó tàbí lókè òkun, ẹgbẹ́ àwọn onílé ló yẹ kó gbà á rò. Ẹgbẹ́ tó lè dáwó ra tiransifọ́mà, tó ń sanwó fún ọdẹ alẹ́, lè sanwó fún ẹni tó máa ṣán ilẹ̀ kan.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àgbẹ̀: iná ni irinṣẹ́ baba wa, ta ló lè sanwó lébìrà tó máa fi ọwọ́ ro gbogbo oko? Mo gbà pẹ̀lú wọn, n kò sì rò pé òfin tó bá ní kí ẹnikẹ́ni má sun oko mọ́ lè múlẹ̀. Ní Gánà, lẹ́yìn tí ọ̀dá ọdún 1982 sí 1983 mú kí iná jó ọ̀pọ̀ oko kòkó run, ìjọba ṣòfin iná igbó lọ́dún 1983 kan náà, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1990, síbẹ̀ iná kò dáwọ́ dúró. Ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò pọ̀: kó ha ààlà oko kan ilẹ̀ pupa, kó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ pààlà, kó dúró ti iná náà títí yóò fi kú pátápátá. Ẹni tó ní kòkó mọ̀ pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni igi tuntun ń gbà kó tó so.

Nínú ilé, ẹ rọ omi sínú dúróòmù kí kànga tó fà, ẹ kó ìwé ilẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí sójú kan, ẹ sì pinnu ẹni tó máa gbé ìyá àgbà jáde. Ọkọ̀ panápaná lè pẹ́ kó tó dé àwọn àdúgbò tí títì wọn kò dára, ṣùgbọ́n ẹ pe 112 ní kété tí ẹ bá rí èéfín, ẹ má dúró dìgbà tí iná bá dé ẹ̀yìn ògiri. Ẹ̀yin tí igbó ń bẹ lẹ́yìn ilé yín, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ẹni tó máa ṣán an nígbà tó ṣì tutù.