Sikọ́láṣípù tí ìjọba àpapọ̀ fòpin sí: níbo gan-an ni okùn rẹ̀ ti já?

Kò sí ẹni tó ń tẹ̀lé ìròyìn ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tí kò tíì gbọ́ pé Tunji Alausa, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, fòpin sí sikọ́láṣípù BEA lọ́dún 2025. Ètò yẹn ni ìjọba àpapọ̀ fi ń rán àwọn ọmọ tó mọ̀wé lọ sí Rọ́ṣíà, Mòrókò, Algeria, Ṣáínà, Hungary àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, lábẹ́ àdéhùn tí ìjọba méjì jọ tọwọ́ bọ̀. Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìkéde náà pọ̀. Àwọn kan ní mínísítà ti dá ìná-àpà dúró. Kí ni ọmọ ń wá lọ sí Algeria, wọ́n ní, tí kò sí ní Akùngbá tàbí Ilé-Ifẹ̀? Àwọn mìíràn ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tálákà ni wọ́n tì yẹn.

Ariwo náà bo ìbéèrè kan mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé: nígbà tí wọ́n bá ní sikọ́láṣípù kan jẹ́ kíkún, ta ló ń san kí ni, owó ilẹ̀ wo ló sì fi ń san án?

Ká mú ọmọ Afo kan, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ose, tó kàwé jáde ní Federal Government College tó wà ní Idoani. Èsì WAEC rẹ̀ dára, ó yege nínú ìdánwò àṣàyàn, orúkọ rẹ̀ jáde sí Mòrókò. Ohun tí gbogbo ìlú máa gbọ́ ni pé ìjọba ti gbé ọmọ Lágbájá lọ sókè òkun, kò ná bàbá rẹ̀ ní kọ́bọ̀. Ìjọba wo? Méjì ni wọ́n. Ìjọba Mòrókò ló fún un láyè ní yunifásítì láìgba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà ló gbà láti san owó ọkọ̀ òfúrufú, owó ìtọ́jú ìlera, àti àláwáǹsì oṣooṣù tí ọmọ náà máa fi jẹun, tó máa fi wọkọ̀, tó máa fi ra ìwé. Bó ṣe rí ní Rọ́ṣíà náà nìyẹn: Moscow yọ̀ǹda àyè ẹ̀kọ́, Àbújá ló yẹ kó gbọ́ bùkátà. Ilẹ̀ tó gba ọmọ lálejò lè fi nǹkan díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni lóòótọ́. Ní Hungary, forint 43,700 ni ètò Stipendium Hungaricum ń fún ẹni tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ lóṣù, èyí tó fi díẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún yúrò. Kò sí bí èèyàn ṣe máa fi ìyẹn nìkan jẹun ní Budapest láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé ìparí.

Ìdajì tó wà lọ́rùn Nàìjíríà yìí ni wàhálà ti wá. $500 lóṣù ni wọ́n ṣèlérí fún akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 2024, wọ́n gé e sí $220, èyí tí wọ́n gé náà kì í sì í dé lásìkò. Oṣù ń gorí oṣù, àwọn òbí gbé pátákó dání lọ fẹ̀hónú hàn ní Àbújá, àwọn ọmọ ń yáwó lọ́wọ́ ara wọn nínú òtútù. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe pín ìnáwó yìí sí méjì kì í lóye bí ọmọ tó ní sikọ́láṣípù ṣe lè sùn láìjẹun. Yunifásítì kò lé e, nítorí kò jẹ ẹ́ lówó. Onílé ló ń lé e.

Kí ló wá dé tí ìjọba kò fi lè san $500 tó fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí? Dọ́là ni wọ́n fi ṣèlérí. Náírà ni àwọn aṣòfin fi ń ya owó sọ́tọ̀ nínú ìsúná. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, kí báńkì àpapọ̀ CBN tó tú náírà sílẹ̀, iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦460. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, ó ti wà ní nǹkan bíi ₦1,500. Mínísítà sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí ètò náà tó 1,200. Ẹ jẹ́ ká fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní $500 fún oṣù méjìlá: àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là méje ó lé díẹ̀, ìyẹn $7.2 mílíọ̀nù. Tí a bá ń ṣẹ́ ẹ ní ₦460, kò ju ₦3.3 bílíọ̀nù lọ. Tí a bá ń ṣẹ́ ẹ ní ₦1,500, ó ti di ₦10.8 bílíọ̀nù. Wọn kò fi ọmọ kankan kún iye tó wà nílẹ̀, wọn kò fi dọ́là kan lé e.

Àwọn iye tí mínísítà fúnra rẹ̀ kà jáde bá ìṣirò yìí mu. Ó ní ohun tí ìjọba máa san lórí àwọn 1,200 náà lọ́dún 2025 lé ní bílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà, ó sì ní èyí kò tọ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù nílé. Ó ní wọ́n gbé ìwé wá síwájú òun kí òun fọwọ́ sí ₦650 mílíọ̀nù fún ọgọ́ta ọmọ tó fẹ́ lọ sí Mòrókò, òun kọ̀. Tí a bá pín in, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦10.8 mílíọ̀nù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Létí aráalé, owó ńlá ni. Tí a bá dá a padà sí dọ́là ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ nígbà náà, kò ju nǹkan bíi $7,000 lọ: ó jọ pé àláwáǹsì ọdún kan ni, pẹ̀lú owó ọkọ̀ òfúrufú àti ìwọ̀nba nǹkan mìíràn.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè Ọ̀wọ̀ kò nílò olùkọ́ kí ọ̀rọ̀ dọ́là àti náírà yìí tó yé wọn. Lóṣù kejìlá ọdún 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan ní ọjà New York kọjá $12,000, owó tí ayé kò rí rí lórí kòkó. Nítorí náírà náà ti bọ́ sílẹ̀, ọ̀nà méjì ni owó fi wọlé fún ẹni tó ní kòkó nílẹ̀. Ẹni tó ń gba dọ́là tó sì ń ná náírà jèrè. Ẹni tó ní náírà lọ́wọ́ tó sì jẹ gbèsè dọ́là, òun ni ìyà jẹ, ipò yẹn gan-an ni ìjọba wà lórí àwọn ọmọ BEA.

Ọ̀rọ̀ kò rí báyìí nígbà kan. Láti 1912 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dá àjọ tó ń bójú tó owó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, pọ́n-ún tí wọ́n ń ná ní Èkó àti ní Ọ̀wọ̀ bá ti Lọ́ńdọ́nù dọ́gba, ọ̀kan sí ọ̀kan. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná pọ́n-ún tirẹ̀ lọ́dún 1959, ó ṣì bá a dọ́gba. Bí ìjọba ní Ìbàdàn bá ya ọgọ́rùn-ún pọ́n-ún sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan lókè òkun, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ún náà ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó tí àjọ tó ń ra irè oko rí kó jọ lórí kòkó pàápàá, Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n ń tọ́jú púpọ̀ nínú rẹ̀ sí.

Ìgbà yẹn ni ìlú Ọ̀wọ̀ kó ipa tó tóbi nínú ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group sójú táyé lọ́dún 1951. Michael Adekunle Ajasin, ọmọ bíbí ìlú náà, ló kọ ìwé tí ẹgbẹ́ fi gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kalẹ̀, èyí tó bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù kìíní ọdún 1955. Fourah Bay College ní Freetown ni òun fúnra rẹ̀ ti kàwé gboyè, kó tó lọ sí Lọ́ńdọ́nù. Nígbà tó di ọ̀gá ilé-ìwé Imade College lọ́dún 1947, ọ̀kan nínú ohun tí àwọn èèyàn fi mọ̀ ọ́n ni bó ṣe ń wá sikọ́láṣípù fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ láti lọ sí University College, Ìbàdàn. Ó yẹ ká kíyè sí bó ṣe ṣe é. Ibi tí owó ti ń jáde àti ibi tí wọ́n ti ń ná an, owó kan náà ni wọ́n ń lò. Kò sí ẹni tó máa jí lọ́jọ́ kan kó gbọ́ pé ìdá mẹ́ta owó oúnjẹ òun ti ku ẹyọ kan.

Náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ó sì lé ní ọdún mẹ́wàá tí náírà kan fi ju dọ́là kan lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìjọba tú u sílẹ̀ lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986 ni gbogbo ìlérí tí wọ́n fi dọ́là ṣe tó di ohun tó lè wọ́n sí i láàárín òru kan.

Oríṣi sikọ́láṣípù mìíràn wà tó jẹ́ pé àpò kan ṣoṣo ló ń san gbogbo rẹ̀, ìtàn rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá sì ti pẹ́. Lọ́dún 1855, iléeṣẹ́ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Fourah Bay lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní King's College, Lọ́ńdọ́nù. William Broughton Davies wà lára wọn, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n já gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú; James Africanus Horton, tí òbí tirẹ̀ jẹ́ Ígbò, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń sanwó mọ ohun tó ń wá. Ibà ń pa àwọn dókítà òyìnbó ní etíkun wa, iléeṣẹ́ ogun náà sì fẹ́ dókítà tí ilẹ̀ náà kò ní tètè mú lọ. Davies gboyè lọ́dún 1858, Horton lọ́dún 1859, àwọn méjèèjì sì wọṣẹ́ dókítà nínú ọmọ ogun.

Lóde òní, àpò kan ṣoṣo yìí ni Chevening àti Commonwealth ń lò: owó pọ́n-ún ìjọba Britain ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ẹni tó ń ná pọ́n-ún. Ṣáínà ń san yuan 2,500 lóṣù fún ẹni tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ lábẹ́ sikọ́láṣípù ìjọba rẹ̀, 3,000 fún oyè kejì, 3,500 fún ọ̀mọ̀wé, owó ibẹ̀ náà ni. Gates Cambridge tún lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 2000, àjọ Bill àti Melinda Gates fún Yunifásítì Cambridge ní $210 mílíọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò kó o ná. Wọ́n fi dókòwò, èrè rẹ̀ ló ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé ìwé lọ́dọọdún. Kò sí mínísítà tó lè jí láàárọ̀ kó yọ ọ́ kúrò nínú ìsúná. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ló sábà ń sanwó fún ẹni tó ń kàwé ọ̀mọ̀wé, òun náà á sì máa kọ́ àwọn tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ níwèé tàbí kó máa ṣiṣẹ́ ìwádìí fún wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, Nàìjíríà ti wà lára àwọn ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà dí físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ fún, nítorí náà sikọ́láṣípù lè pé kí ọ̀nà má sí.

Ọ̀rọ̀ mínísítà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dé ààyè kan. Kò rọrùn láti ṣàlàyé ìdí tí owó ìlú fi ń rán ọmọ lọ sí ilẹ̀ tó ń sọ Faransé àti Lárúbáwá láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àpẹẹrẹ tí òun fúnra rẹ̀ mú wá. Ibi tí ẹni tó ń kọ èyí ti ń ṣiyèméjì ni bóyá ó yẹ kí wọ́n pa gbogbo ètò náà rẹ́. Ìdajì tí àwọn ilẹ̀ mìíràn ń san ti lọ pẹ̀lú rẹ̀: àyè ìmọ̀ ìṣègùn, àyè iṣẹ́ ẹ̀rọ, láìgba owó ilé-ìwé. Ó jọ pé ọ̀nà mìíràn wà. Ìjọba ń ta epo, dọ́là ló sì ń gbà lórí rẹ̀. Ó lè dín iye àwọn tó ń lọ kù sí ọgọ́rùn-ún, kó mú kìkì ẹ̀kọ́ tó ṣọ̀wọ́n nílé, kó sì fi owó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún wọn pamọ́ ní dọ́là kí ọmọ kan tó wọ bàálù. Ìyẹn ìbá wọ́n lójú ní ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ebi kò ní pa ẹnikẹ́ni ní ọdún kẹta.

Ní ti àwọn tó ti wà lọ́hùn-ún, ìjọba ti ṣèlérí pé àwọn á gbọ́ bùkátà wọn títí wọ́n á fi parí. Kí wọ́n mú un ṣẹ, kí wọ́n sì san èyí tó ti kọjá. Àwọn ọmọ náà kò ṣẹ̀. Wọ́n yege ìdánwò tí ìjọba gbé síwájú wọn.

Ẹ̀yin òbí ní Afo, Imeri, Idoani àti Ọ̀wọ̀ tí ọmọ yín ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi lẹ́tà sikọ́láṣípù ránṣẹ́, kó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀: ta ló máa san owó oúnjẹ oṣù, owó ilẹ̀ wo ló máa fi san án, ọwọ́ ta ló sì máa gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ìjọba ilé, ẹ wá àwọn tó ti lọ ṣáájú, kí ẹ bi wọ́n bóyá ti oṣù tó kọjá ti dé. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín gba Chevening tàbí sikọ́láṣípù ìjọba Tọ́kì. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù méjèèjì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Chevening, tó wà fún àwọn tó ti gboyè àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán, sábà máa ń ṣí lóṣù kẹjọ. Ti Tọ́kì, tó gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama, sábà máa ń ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní, ó sì ń tì ní ọjọ́ 20 oṣù kejì.