Yíyan Màlúù fún Ìbísí: Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ló Yẹ Kó Ṣáájú Títóbi Ara

Ní ọjà màlúù, ojú ni ọ̀pọ̀ olùsìn fi ń yan ẹran tí wọ́n fẹ́ fi mú agbo wọn pọ̀ sí i. Akọ tó ga, tí iké rẹ̀ dúró, tí itan rẹ̀ sì kún fún ẹran ló máa ń wọ̀ wọ́n lójú. Àmọ́ àwọn dókítà ẹran a máa kìlọ̀ pé ẹran tó rẹwà bẹ́ẹ̀ lè kó àrùn wọ inú agbo, kí àrùn ọ̀hún sì tibẹ̀ dé ara àwọn tó ń tọ́jú ẹran àti àwọn tó ń mu wàrà.

Èyí tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù jù ni brucellosis, tí kòkòrò àìfojúrí kan ń fà. Oyún abo màlúù tó bá ní in sábà máa ń wálẹ̀ láti oṣù 5 lọ sókè, ibi ọmọ sì lè há sí i nínú. Ní ti akọ, ẹpọ̀n rẹ̀ lè wú. Ohun tó ń tan olùsìn jẹ ni pé lẹ́yìn tí oyún bá ti wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, abo náà lè bí ọmọ tó yè lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn a sì gbà pé ara rẹ̀ ti yá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Kòkòrò náà ṣì ń bá wàrà àti omi ìbímọ rẹ̀ jáde. Ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ darandaran sì fi ń gbẹ̀bí ẹran.

Ẹni tó bá kó àrùn yìí yóò máa ní ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, òógùn òru, àárẹ̀ àti oríkèé ríro. Nítorí pé ibà kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa, ó rọrùn kí wọ́n máa fún un ní oògùn ibà ẹlẹ́fọn fún ìgbà pípẹ́, nígbà tó jẹ́ pé oògùn apakòkòrò oríṣi 2, tí yóò lò fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6, ni dókítà sábà máa ń kọ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹran tuntun tó darapọ̀ mọ́ agbo, pàápàá abo tó lóyún, ó yẹ kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 30. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún sínú awọ ọrùn rẹ̀, wọn a sì wo ojú abẹ́rẹ́ náà lẹ́yìn ọjọ́ 3. Abẹ́rẹ́ àjẹsára brucellosis tún wà fún àwọn abo kéékèèké tó wà láàárín oṣù 3 sí 8; wọn kì í gún un fún akọ, nítorí ó lè ba ẹpọ̀n rẹ̀ jẹ́.

Ìgbà tí èyí bá parí ni ọ̀rọ̀ ìrísí tó kàn. Ẹpọ̀n akọ gbọ́dọ̀ tóbi, kí méjèèjì sì dọ́gba, nítorí àwọn abo ọmọ irú akọ bẹ́ẹ̀ a máa tètè tó gùn. Ìwé àkọsílẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ẹwà ìwo lọ: ọdún mélòó ló fi sinmi kó tó tún bímọ? Ọmọ mélòó ló là á já?

Ní gúúsù, níbi tí eṣinṣin tsetse ti ń yọ ẹran lẹ́nu, irú-ọmọ tún kan ìlera. N'Dama, tó wá láti òkè Fouta Djallon ní Guinea, tí wọ́n sì ti sìn ní oko ọ̀sìn Fáṣọlá nítòsí Ọ̀yọ́, kò ní iké, kò sì tóbi tó White Fulani. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń fara da àrùn tí eṣinṣin náà ń gbé kiri, bíi ti Muturu. Ẹran tí kò nílò abẹ́rẹ́ lemọ́lemọ́, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù sínú ẹran ara rẹ̀ títí dé orí àwo ọbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ẹran tí àyẹ̀wò bá mú. Owó ńlá ni olùsìn fi rà á, ìdánwò tó sì wà níbẹ̀ ni pé kó rọra fà á padà sọ́jà fún ẹlòmíràn, tí yóò tún fi bímọ nínú agbo tirẹ̀. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹran náà lọ sí ilé ìpẹran tí dókítà ẹran ti ń ṣàyẹ̀wò, kí a sọ fún alápatà ṣáájú kó lè wọ ìbọ̀wọ́, kó má sì fi ọwọ́ lásán kan ilé ọmọ àti ọmú rẹ̀. Èyí tí dókítà bá fọwọ́ sí nínú ẹran rẹ̀, kí wọ́n sè é jinná dáadáa. Wàrà inú agbo yòókù, sísè ni kí wọ́n máa sè é títí yóò fi hó, títí àbájáde àyẹ̀wò gbogbo wọn yóò fi jáde.