Iyèré àti Àrùn Fòníkú-fọ̀ladìde

"Àbíkú sọ olóògùn dèké." Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹ̀rù ni gbólóhùn yìí máa ń fi sí wa lára. Wọ́n á sọ ọmọ ní Málọmọ́, wọ́n á so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ẹgbẹ́ ọ̀run má bàa mú un lọ. Bó bá kú, wọ́n á tún fi abẹ sàmì sí òkú rẹ̀ lára. Ìyẹn ṣì ń dùn mí, nítorí àrùn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn: bàbá fún ọmọ ní àbùdá ẹ̀jẹ̀ S, ìyá fún un ní S, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá ń tẹ̀ bí dòjé, ó ń dí iṣan.

Ṣùgbọ́n olóògùn kan wà tí àrùn yìí kò sọ dèké. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run P. O. Ògúnyalé ló fi àgúnmu rẹ̀ han àwọn onímọ̀ NIPRD, ilé ìwádìí oògùn tó wà l'Ábújá, iyèré sì wà nínú rẹ̀: èso dúdú wínníwínní tó nírù, tí ìtàkùn rẹ̀ ń gun igi nínú igbó.

Ta ni kò mọ iyèré? Òun ló ń ta lẹ́nu nínú ọbẹ̀ ata tí abiyamọ ń mu. Àwọn tí wọ́n jọ wọ inú àgúnmu náà kì í ṣe àjèjì: kànáfùrù tí à ń fi sí eyín tó ń dunni, igi osùn tí wọ́n ń fi para fún ìkókó, àti ewé ọkà bàbà. Yàtọ̀ sí àgúnmu náà, ẹ má gbàgbé orin àtà, tí Ṣófowórà àti Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ ní 1971 pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń na ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀.

NIPRD pe oògùn tí wọ́n fi àgúnmu Ògúnyalé ṣe ní Niprisan. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 82, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001: ìrora tó ń dá wọn gúnlẹ̀ dínkù. Ní 2006, ó dé ọjà pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é wọko gbèsè. Ó bí mi nínú gan-an, nítorí oògùn náà kọ́ ló kùnà.

Síbẹ̀, oògùn náà kò lè yí ohun tí ọmọ jogún padà. Ẹ jẹ iyèré nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ pa ilé ìwòsàn tì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó dájọ́.