Bẹ́ńṣì wà nínú òfin

Bí òbí kan ní Igbó-Ọrà nílẹ̀ Ìbàràpá bá kọ̀ tí kò fi ọmọ rẹ̀ sílé ìwé, òfin mọ ohun tí yóò fi ṣe. Òfin UBE ti ọdún 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí wọ́n kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un. Tó bá tún dẹ́ṣẹ̀ náà, ₦2,000 ni owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Ṣùgbọ́n tí òbí bá mú ọmọ lọ, tí ọmọ wá ń jókòó sórí sìmẹ́ńtì, tí olùkọ́ kan ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pọ̀ ńkọ́? Kò síbi tí òfin yẹn ti kọ ìtanràn sílẹ̀ fún ìjọba.

Àmọ́ ó kọ gbèsè tí ìjọba jẹ ọmọ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́. Abala 15 ka ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ láti pírámárì títí dé JSS 3: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, kíláàsì, àga òun tábìlì, oúnjẹ ọ̀sán. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n ní kó ru bẹ́ńṣì bọ̀ láti ilé kí wọ́n tó gbà á wọlé, ẹrù ìjọba ló rù sórí. Abala 3 tilẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gba owó lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí lè san ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta.

Kí ló wá dé tí ẹjọ́ kò fi pọ̀ ní kóòtù? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló dí ọ̀nà. Abala 18 ní kí ìjọba rí i pé àǹfààní ẹ̀kọ́ dọ́gba, ó sì kárí. Abala 6 sì sọ fún adájọ́ pé kò gbọdọ̀ fi irú ìlérí bẹ́ẹ̀ dá ìjọba lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fún ọmọ, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbà á padà.

Àwọn agbẹjọ́rò wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAP gbé Nàìjíríà àti UBEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, lọ sí kóòtù ECOWAS nítorí owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó jẹ. Ìjọba ní ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pe ẹjọ́. Kóòtù kò gbà: àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà tí Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2010, wọ́n pàṣẹ pé kí ìjọba wá owó dí ihò tí àwọn olè dá sílẹ̀, kí ọmọ má bàa jìyà títí wọn yóò fi rí owó náà gbà padà.

Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ LEDAP jàre nílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá. Adájọ́ John Tsoho ní níwọ̀n ìgbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe òfin UBE, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti di ẹ̀tọ́ tí ọmọ lè bá ìjọba fà ní kóòtù. Ní tèmi, ẹjọ́ yìí ló súnmọ́ àwa ará Ìbàràpá jù, torí òfin ilé wa ló dúró lé.

Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ti gba ọ̀nà yìí débi tábìlì gan-an. Àwọn ilé ìwé ìgbèríko ní Eastern Cape pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí àga tí kò tó. Ní 2014, kóòtù Mthatha dájọ́ pé àga òun tábìlì wà lára ẹ̀tọ́ ẹ̀kọ́, ó sì fún ìjọba ní gbèdéke.

Owó wà lọ́nà tiwa náà. Òfin UBE ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ó kéré tán ìdajì owó iṣẹ́ tó fẹ́ fi owó náà ṣe sílẹ̀. Èyí tí kò bá gbé e sílẹ̀, owó rẹ̀ á máa jókòó l'Ábújá. Gómìnà Mákindé ti Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ wa, fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà nílé ìwé girama ìjọba ní 2019, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fífagi lé owó kò ra bẹ́ńṣì sí Ayétẹ̀ tàbí Tápà.

Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní Èrúwà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Òfin 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba fún UBEC ní ọjọ́ méje láti fèsì: èló ni ti Ọ̀yọ́, èló ni ìpínlẹ̀ ti gbà, ilé ìwé wo ní Ìbàràpá ni wọ́n ná an sí? Bí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n dákẹ́, òfin náà gba ẹni tó kọ̀wé láàyè láti gba kóòtù lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.